Ègé Téèpù Pupa Lábẹ́ Ẹ̀rọ

Páálí náà fúyẹ́.

Kí Verlon Peek tó ṣí i ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú téèpù ní sítúdíò Rayford Tuggle, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ìwúwo wọn bí abiyamọ ṣe ń mọ ìwúwo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró níwájú pẹpẹ, ó gbá páálí mọ́ àyà. Kò ṣí i. Ó ń ṣe é bíi pé bí òun kò bá ṣí i, nǹkan á ṣì wà níbẹ̀.

"Verlon! Ṣé o sùn ni?" Ohùn Rayford ló ti yàrá ẹ̀rọ wá. "Ọkùnrin iléeṣẹ́ àwo ń wo aago. Gbé ojú kejì àwo wá, jàre!"

Ó ṣí i. Bébà kékeré tí wọ́n kọ orúkọ orin sí ló wà níbẹ̀: Odò Sweetgum. Téèpù kò sí.

Ẹgbẹ́ Kudzu Ferry kì í lu orin kan lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ayé ló mọ̀. Bí wọ́n bá gbé orin dìde, ibi tó bá wu orin ni yóò gbé wọn lọ, ẹ̀wà á jinná lórí iná kí wọ́n tó padà wálé. Ní oṣù kejì ọdún 1974 yẹn, wọ́n lu "Odò Sweetgum" fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún láìdúró, tààrà sínú téèpù kan ṣoṣo, nínú ilé tí wọ́n ti ń di èso píìṣì tẹ́lẹ̀, tí Rayford sọ di sítúdíò lẹ́yìn ìlú Tarpley ní Georgia. Rayford fúnra rẹ̀ ló tẹ dùùrù, òun ló sì kọ orin. Ṣùgbọ́n gìtá Coy Bledsoe ló gbé e. Nígbà tó parí, onílù wọn ń nu ojú, ó ní òógùn ni.

Ní oṣù kẹrin, ẹ̀rọ tó ń di koríko lóko bàbá Coy gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó sọ ìyókù di igi. Coy kò ní ta gìtá mọ́ láyé.

Ẹ̀dà kò sí. Rayford kò gbà kí wọ́n ṣe ẹ̀dà, torí ẹ̀dà orin kan ti sá lọ sí rédíò lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni téèpù gbọ́dọ̀ wọ bàálù lọ síbi tí wọ́n á ti gé e sára àwo. Wọ́n ti lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri láti Macon dé Mobile. Òní sì jẹ́ Ọjọ́rú.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá téèpù, ẹnì kan ló ń gbé e sápò. Verlon ni.

Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, wọ́n ti fẹ̀sùn táyà mẹ́rin kàn án rí, táyà tí kò jí. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi fọ́ òkúta lẹ́bàá títì, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn á fò.

"Ọ̀gá," ó ní. Ohùn náà kéré jù. Ó tún un pè. "Ọ̀gá. Ẹ wá wo nǹkan."

*

Obìnrin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà, rán wá. Zelma Quarles lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, gígùn bí òpó. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé tẹlifóònù ìlú kó tó di ọlọ́pàá. Òun ló ń so ohùn mọ́ ohùn nígbà náà, kò sì sí irọ́ tí ọmọ Tarpley lè pa tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ó gbé báàgì kan lọ́wọ́. Ẹ̀pà oníyọ̀ inú ọ̀rá kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Ó ja ọ̀kan, ó da ẹ̀pà sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu ìgò títí ìfófòó fi rọlẹ̀.

"Ta ló ni kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Jókòó síbí. N kò ní ọmọ iṣẹ́ lónìí. Ibi tí mo bá wà ni kí o wà, kí n lè máa rí ọ."

"Ṣé ẹ fẹ́ mú mi ni, mà?"

"Ṣé o fẹ́ kí n mú ọ ni?"

Verlon jókòó.

Zelma kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo gíga rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, nǹkan pupa kan wà láàárín ìka rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò gùn ju ìka kékeré lọ. Ẹnu kan rẹ̀ gún régé, ẹnu kejì ti ya. Lápá ibi tó ti ya yẹn, ó tẹ̀ wọnú wọ́nwọ́n bíi pé eku gé e.

"Kí nìyí?"

"N kò mọ̀, mà."

Ó mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gé irú rẹ̀, òun ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ téèpù. Kò sí ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo Tarpley. Bó bá wí pé tòun ni, ó ti parí nìyẹn. Ó wo ilẹ̀. Zelma ń wo ojú rẹ̀. Ó fi ègé náà sínú ọ̀rá ẹ̀pà tó ṣófo, ó ká a, ó tì í sápò.

"Ìgbà wo lo rí téèpù náà kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ajé, mà, láàárọ̀. A lù ú fún Ọ̀gbẹ́ni Sayre tó ti iléeṣẹ́ àwo wá. Ó parí, mo dá a padà sínú páálí, mo tì í mọ́ yàrá."

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mà."

Zelma ń jẹ ẹ̀pà tó ti rẹ. "Ohùn ẹ gòkè níbẹ̀ yẹn. Àwọn ọkọ tó máa ń tẹ ìyàwó wọn láago pé àwọn ṣì wà níbi iṣẹ́, bí tiwọn náà ṣe máa ń gòkè nìyẹn. Tún un sọ."

Rayford dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá. Verlon wò ó, ó wo obìnrin náà. Ọ̀nà kò sí.

"Ọ̀sán ni, mà. Ẹ̀wà Orpha tó ń ta oúnjẹ kì í pẹ́ tán. Mo... páálí mẹ́rin ni, mo tò wọ́n sórí ẹ̀rọ, mo ní n ó padà dé. Wákàtí kan péré. Mo dé, mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lọ sórí pẹpẹ. Mẹ́ta wúwo, apá mi kò mọ̀ pé ọ̀kan ṣófo."

"Ẹ̀wà!" Rayford na ọwọ́ sí ọ̀run. "Ó fi Odò Sweetgum sílẹ̀ nítorí ẹ̀wà! Ọdún mọ́kànlá, Verlon! Ṣé ẹ̀wà náà dùn?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní ṣé ó dùn?"

"Ẹ jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ mí," Zelma ní. "Ta ló wà nílé lọ́sàn-án yẹn?"

Rayford wà lórí fóònù lọ́fíìsì, ó ń bá ẹni tó ń tẹ ìwé ìkéde jà. Zelma tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago nílé tẹlifóònù. Òótọ́ ni, Rayford fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta jà. Wọ́n ní Coy Bledsoe ń sùn nínú mọ́tò rẹ̀ lábẹ́ igi. Ọ̀gbẹ́ni Sayre ní òun rìn lọ sínú oko píìṣì nítorí ooru. Àwọn yòókù ti lọ jẹun ní ìlú, gbogbo ìlú ló rí wọn.

"Àwọn olórin ńkọ́? Wọ́n máa ń gbọ́ téèpù fúnra wọn?"

"Ká má rí i!" Rayford nawọ́ sí pátákó tó wà lára ògiri. "Olórin kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ nínú ilé yìí. Ẹnì kan da bíà sí i lọ́dún 1969, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ nǹkan, wọ́n á bẹ Verlon. Verlon á tò ó, wọ́n á jókòó bí ọmọ gidi."

Fóònù dún. Ṣẹ́rífù ni. Zelma gbọ́, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ahọ́n họ eyín.

"Ó fún mi di aago mẹ́rin ọ̀la. Bí n kò bá rí téèpù, ìwọ ló ń bọ̀ wá gbé. Ó ní ìwé ẹ̀wọ̀n rẹ àtijọ́ ti wà lórí tábìlì òun." Ó na ọ̀rá ẹ̀pà kan sí Verlon. "Gbà. Ebi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń bẹ̀rù."

Verlon fi èékánná tú ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń tú gbogbo nǹkan. Kò lè jẹ ẹ́.

*

Winfield Sayre wọ kóòtù nínú ooru oṣù kẹjọ. Kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n bi í.

"Ẹ̀ẹ́n, mo fẹ́ gé orin náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Rédíò wo ló máa lu ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún? Ìyàwó ilé á ti bímọ kó tó parí."

"Ẹ sì bá Rayford jà lé e lórí."

"Òun ló bá mi jà. Ó pè mí ní apẹran."

"Mo tún pè é báyìí," Rayford kígbe láti ìta.

"Mà, mo fi ọdún mẹ́sàn-án gé téèpù ní rédíò. Bí mo bá fẹ́ gé e, n ó gé e dáadáa, ẹ kò ní mọ ibi tí mo gbà. Kí ni mo fẹ́ fi jíjí rẹ̀ ṣe? Bí àwo kò bá jáde, èmi ni wọ́n máa lé lẹ́nu iṣẹ́."

Zelma na ọ̀rá ẹ̀pà sí i. Sayre yọ ọ̀bẹ kékeré jáde, ó la etí ọ̀rá tààrà bí ẹni ń la lẹ́tà. Verlon rí i pé Zelma ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kí ló kan obìnrin yìí pẹ̀lú ẹ̀pà? Aago ń lọ. Wákàtí kan lọ lórí ẹ̀pà!

Wọ́n tú àpótí Sayre. Lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí téèpù ńlá kan. Rayford fò wọlé bí ológbò, Verlon sáré tò ó sórí ẹ̀rọ, ó tàsé lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn jáde. Dùùrù ni, ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń ṣì í, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọmọdébìnrin kan ní, "Dádì, mo tún ṣì í."

Ojú Sayre ti pọ́n. "Ọmọ mi ni. N kì í sábà wà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

Verlon pa á. Rayford fẹsẹ̀ gbá àga kan, àga náà ṣubú, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe di aago mẹ́ta, ẹnì kan tẹ̀ wọ́n láago láti Alabama, ó ní "Odò Sweetgum" wà lọ́wọ́ òun. Zelma wọ mọ́tò, ó wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì, ó sì wá ẹni náà káàkiri títí di òru. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló tó padà dé sítúdíò, ìbínú fẹ́ bẹ́ ẹ nímú.

"Orin orí ìtàgé ni," ó ní. "Wọ́n gbà á sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣeré. Èrò ń pàtẹ́wọ́, ajá ń gbó. Mo sì san owó epo ara mi." Ó fi báàgì ẹ̀pà lu tábìlì. "Aago mẹ́sàn-án ti lù. Ẹ pe Coy Bledsoe wá."

*

Coy wọlé, ọwọ́ òsì nínú àpò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, irun rẹ̀ bo ojú. Kò wo Verlon. Ìyẹn dun Verlon ju ariwo Rayford lọ, torí Coy nìkan ló máa ń pè é ní ẹ̀gbọ́n nínú gbogbo wọn.

"Níbo lo wà lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé?"

"Nínú mọ́tò. Mo sùn."

"O sùn nínú mọ́tò lóṣù kẹjọ. Ooru Georgia ìbá ti dín ọ bí àkàrà."

"Mo ṣí fèrèsé."

"Gbà, jẹ ẹ̀pà." Ó ju ọ̀rá sí i. Coy fi ọwọ́ ọ̀tún hán an, ó gbé e sẹ́nu, ó fi eyín fà á ya, ó tu ègé ọ̀rá sílẹ̀. Ó dà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan.

Zelma bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ègé ọ̀rá náà nílẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. "Ta lo rò pé ó gbé téèpù?"

"N kò mọ̀. Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n Verlon."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ni mo wí! Wọn kò lè jí abẹ́rẹ́."

"Ta ni nígbà náà? Iwin?" Rayford ti tún wọlé. "Coy, ọwọ́ ẹ ló wà nínú téèpù yẹn. Ọwọ́ ẹ gangan! Ìwọ ló yẹ kó ti fọ́ ilé yìí wá a. O kàn ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀."

Coy wò ó. "Mo ń ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́," ó ní, ó sì jáde.

*

Ọ̀sán. Verlon jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Wákàtí mẹ́rin ló kù. Ó ti ń ro ti bàtà: èwo ni kó wọ̀, torí wọ́n máa ń gba bàtà gidi lọ́wọ́ ẹni. Zelma wá jókòó tì í, egungun rẹ̀ ń ró. Ó tẹ́ nǹkan méjì sórí orúnkún: ègé pupa, àti etí ọ̀rá ẹ̀pà kan.

"Ó ti rẹ̀ mí, Verlon," ó ní. "Mo ní ìdì kan tí n kò lè tú, ìwọ lo sì jókòó lé okùn ẹ̀. Àná, mo bi ọ́ kí ni pupa yìí. O ní o kò mọ̀. Ohùn ẹ gòkè dé àjà. Mo dá ọ dá a kó o fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá. O kò wá. Aago mẹ́rin ń bọ̀, ẹ̀rù ń bà ọ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yìí ló fẹ́ gbé ọ lọ sẹ́wọ̀n, kì í ṣe ṣẹ́rífù."

Ejò tún jẹ́ okùn lójú Verlon, okùn tún jẹ́ ejò.

"Tèmi ni, mà."

"Mo mọ̀. Kí ló ń ṣe?"

"Ìparí téèpù ni. Èmi ni mo ń lẹ̀ ẹ́. Funfun ní orí, pupa ní ìrù. Kí ojú lè mọ̀ ọ́n."

"Èwo ló máa ń wà níta nígbà tí téèpù bá wà nínú páálí?"

"Pupa, mà. Ìrù." Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ láìmọ̀. "Bó bá ti lù tán, a kì í ká a padà. Bó ṣe parí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e sùn, ìrù síta. Torí ohùn máa ń ràn láti ara ìpele kan sí èkejì nínú téèpù tó ká bó bá pẹ́. Bí orí bá wà níta, ẹ óò gbọ́ orin wúyẹ́wúyẹ́ kí orin gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìrù bá wà níta, wúyẹ́wúyẹ́ náà á bọ́ sẹ́yìn, orin á bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbọ́ ọ, a ó kọ́kọ́ ká a padà sí orí."

"Ẹni tí kò bá ká a padà ńkọ́?"

"Ó máa lu ẹ̀yìn síwájú, mà. Ohùn á máa wọ inú ara rẹ̀ bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ó burú létí. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní..."

Ó wo ègé pupa náà. Zelma kò ràn án lọ́wọ́. Adìyẹ kan kọjá níwájú wọn.

"Pupa ló ya lábẹ́ ẹ̀rọ," Verlon ní jẹ́jẹ́. "Ẹni náà fi ìrù wọ inú ẹ̀rọ."

"Ṣé ìwọ lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Láéláé, mà!"

"Rayford ńkọ́? Sayre tó fi ọdún mẹ́sàn-án gé téèpù?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí ó bá tilẹ̀ ṣèèṣì, tí wọ́n gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí i padà."

"Ó dáa. Olè kì í jókòó gbọ́ orin tó fẹ́ jí. Ẹni yìí fẹ́ gbọ́ ọ ni, kò sì mọ ẹ̀rọ. Wàyí, wo ibi tó ti ya." Ó na ègé pupa sí oòrùn. "Mo rò pé eku ni. Àná ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀pà. Ìwọ, o fi èékánná tú u. Sayre, ọ̀bẹ. Ta ló fi eyín?"

Verlon wo etí ọ̀rá tó wà lórí orúnkún Zelma. Ó tẹ̀ wọnú wọ́nwọ́n, eyín kan wọ́ díẹ̀. Ègé pupa náà tẹ̀ wọnú wọ́nwọ́n, eyín kan wọ́ díẹ̀.

"Ẹni tí kò ní ọwọ́ méjì tó máa fi di téèpù mú," ó ní. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó rò pé inú òun á dùn. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi gbé e lọ, mà? Tirẹ̀ ni!"

"Ibẹ̀ ni ìdì tí mo wí. Eyín orí ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́, bí mo bá sì fi ipá mú un, á ní òun kò mọ nǹkankan, téèpù á sì sọnù títí ayé. O ní ohùn náà burú létí. Ṣé o lè jẹ́ kí n gbọ́ ọ?"

*

Ojú kìíní àwo náà ni Verlon gbé jáde. Òun náà sùn ní ìrù síta. Rayford, Sayre àti Coy dúró, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Verlon mú ìrù pupa, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kànlá: ó fi í wọ ẹ̀rọ láìká a padà.

Ohùn náà jáde. Ìlù ń fà wọlé bí èémí ẹni tó fẹ́ kú, ohùn Rayford ń yípo, ó ń gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mì.

"Kí lò ń ṣe yẹn, wèrè!" Rayford fò síwájú.

Ṣùgbọ́n Coy ló ké. Ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. "Èyí náà! Ó ti bàjẹ́ náà! Ẹ pa á, Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á, gbogbo ẹ̀ ló ti ń kú!"

Verlon pa á. Kò sọ̀rọ̀. Ó ká téèpù padà dé orí, ó fi funfun wọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Orin jáde, mímọ́, dídán, gìtá Coy níwájú bí ẹni ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti oko.

Coy ń wo ẹ̀rọ.

"Kò bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́."

"Tọjọ́ Ajé náà..."

"Ẹ̀yìn lo fi lù ú, Coy. Kò sí ohun tó ṣe é."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àpò tó tú. "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lémi nìkan. Láìsí Rayford tó ń wo ojú mi. N kò rí orí ẹ̀ mú, mo fi eyín dì í. Ohùn yẹn jáde... Mo ní ìka mi ti lọ, ọwọ́ tó kù náà ni mo tún fi pa èyí tó ṣẹ́kù. Mo fẹ́ sọ ọ́ sódò. N kò lè ṣe é."

"Níbo ló wà?" Rayford ní.

"Nínú àpótí gìtá mi. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màámi. N kò tíì ṣí àpótí yẹn láti oṣù kẹrin. Mo rò pé kí òkú méjèèjì sùn pọ̀."

Zelma ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Láti àná lo ti ń sá fún ojú mi," Verlon ní. "O mọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà báyìí, ẹnu mi á kú." Coy kò gbójú sókè. "Mo wí pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"O wí i. O sì jáde."

*

Aago mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n gbé e dé. Verlon gbà á, ọwọ́ rẹ̀ mọ ìwúwo rẹ̀. Ó lẹ ìrù pupa tuntun mọ́ ibi tó ya, ó ká a padà dé orí, ó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, kò sẹ́ni tó jókòó. Níbi tí gìtá ti dá nìkan wà, Verlon rí ọwọ́ òsì Coy lára ṣòkòtò rẹ̀. Ìka mẹ́ta tó kù ń gbìyànjú láti tẹ̀.

Ó parí. Pupa yí jáde, ó ń lù pẹ́pẹ́pẹ́. Sayre mí kanlẹ̀. "Bí ẹnikẹ́ni bá gé èyí," ó ní, "kì í ṣe èmi."

Verlon dá téèpù padà sínú páálí. Lẹ́yìn náà, ó mú bírò. Ó ti yẹ kó máa kọ ọ́ sára páálí láti ọjọ́ tó ti dé, gbogbo sítúdíò ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún àkọ́kọ́, Rayford fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ han àwọn olórin, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà, àwọ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ba páálí báyìí, ó kọ ọ́ gàdàgbà, àwọn lẹ́tà ń wọ́ bí ọgbà tí ewúrẹ́ fara gbá: ÌRÙ SÍTA.

"Ó dára," Rayford ní, ó na ọwọ́. "Gbé e wá. Sayre, ẹ múra. A ti fi ọjọ́ méjì ṣòfò."

Verlon kò gbé e sílẹ̀.

"Verlon. Gbé e wá."

"Rárá, ọ̀gá."

Ọ̀rọ̀ náà ya òun gan-an lẹ́nu. Zelma dáwọ́ ẹ̀pà jíjẹ dúró. Fóònù dún lọ́fíìsì. Aago mẹ́rin ti lù, ṣẹ́rífù ni.

"Ẹ gbé fóònù yẹn," Verlon ní. Páálí wúwo lápá rẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn pé n kì í ṣe olè. Kí n gbọ́ ọ."

"Zelma á sọ fún un, ọ̀rẹ́ mi..."

"Ẹ̀yin ni. Ẹ pe orúkọ mi."

Fóònù ń dún. Rayford wo Zelma, Zelma ń wo àjà. Ó wo Coy, Coy ti sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ Verlon. Rayford bú ẹnì kan lábẹ́lẹ̀, ó wọ ọ́fíìsì, ó gbé fóònù.

"Ṣẹ́rífù Hub? Rayford ni. A ti rí i... Rárá, má bọ̀. Gbọ́." Gbogbo ilé ń gbọ́ bó ṣe ń fi imú mí. "Verlon Peek kì í ṣe olè. Mo ní Verlon Peek... bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. Kì í ṣe olè. Ya ìwé yẹn."

Verlon gbé páálí lé e lọ́wọ́ nígbà tó jáde. Ó yí i kí ohun tó kọ lè wà lójú òkè.